Owó Ọ̀yà àti Ìdí Kóńgò: Ìtàn Owó-Iṣẹ́ Lábẹ́ Ìjọba ní Nàìjíríà, 1897 sí 2024

 

 Àkòrí tí mo mú lọ́dún yìí kan gbogbo ilé: owó-iṣẹ́. Mi ò fẹ́ wàásù lé e lórí lásán. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kò lè mọ ibi tí yóò ti tún un ṣe.

Ìbéèrè kan ló wà nídìí ìtàn náà. Láti ọdún 1981 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó sọ iye tó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ san fún òṣìṣẹ́ lóṣù. N125 ló jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ti fi kún un, tó fi di N70,000 ní 2024. Ká ní oókan-eéjì owó nìkan là ń kà ni, à bá sọ pé òṣìṣẹ́ ti di ọlọ́rọ̀. Kí ló wá dé tí ẹni tó gba N125 nígbà yẹn fi rí ọjà rà ju ẹni tó gba N70,000 lọ?

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà ká tó dáhùn. Ẹni tó bá ń ra gàárì tàbí ẹ̀wà mọ̀ pé oríṣi kóńgò méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí, tí ìdí rẹ̀ fi wọnú. Tí a bá gbé méjèèjì síwájú rẹ, ẹnu wọn dọ́gba, gíga wọn dọ́gba, kóńgò ni a sì ń pe méjèèjì. Inú ni ìyàtọ̀ wà. Nígbà tí o bá délé tí o dà á sínú abọ́ ni o tó mọ̀ pé wọ́n ti jẹ ọ́. Gbogbo wa la mọ ìkìlọ̀ tó wà nínú Súúrátù Al-Mutaffifin fún ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n kù, a sì máa ń kà á sí àwọn oníṣòwò létí. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn yìí hàn ni pé òṣùwọ̀n ni owó-iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tó bá fi iye kan sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọjà ń gbówó lórí, ìdí kóńgò ló ń lù wọnú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan nọ́ńbà rẹ̀.

1. Kí ìjọba tó máa sanwó oṣù

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń san án. Nínú àáró, iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́: mo bá ọ ro oko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ọpẹ́ ni. Alágbàṣe ló ń gbowó, àdéhùn sì ti wà kó tó mú ọkọ́. Ìwọ̀fà ni ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dí èlé gbèsè, ìnira ńlá sì ni èyí jẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀fà, ohun tí ènìyàn gbà kì í yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ebè ọgọ́rùn-ún tí o kọ fún mi, ebè ọgọ́rùn-ún ni màá kọ padà fún ọ.

Àwa tí a kàwé Lárúbáwá náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba àti owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe tuntun. Kálífà Umar ọmọ Khattab ló dá ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dìwáánù sílẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn Híjírà, kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí owó lè mọ iye tirẹ̀. Ibn Khaldun tó kú ní 1406 sì ṣàlàyé nínú Muqaddimah rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni orísun ohun tó ń rí jẹ. Ẹ̀kọ́ tí Ànábì wa fi sílẹ̀ pé kí a má jẹ́ kí òógùn òṣìṣẹ́ gbẹ kí a tó fún un lówó rẹ̀, ọmọdé ilé kéwú mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé owó lè tètè dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kí ó sì ti gbẹ kó tó dé ọjà.

2. Láti 1897 dé 1945: ẹ̀bẹ̀ kò gbọ́, àfi ìyanṣẹ́lódì

Nígbà tí òyìnbó gba Èkó, ìjọba wá di agbanisíṣẹ́ tó tóbi jù. Títì, rélùwéè, èbúté, ilé kíkọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ọwọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Páblíìkì Wọ́ọ̀kì padà, ó sì fẹ́ dín owó kù. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí àdéhùn. Kò tí ì sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan nílẹ̀ wa nígbà náà. Ní 1912 ni àwọn akọ̀wé ìjọba dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ó sì di 1938 kí òfin tó fọwọ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ogun Àgbáyé Kejì ló fi ọ̀rọ̀ kóńgò hàn kedere. Ọjà òkèèrè kò wọlé mọ́ bó ṣe yẹ, owó oúnjẹ fò sókè, owó-iṣẹ́ sì dúró sójú kan. Ní 1941 ni Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé ìjọba. Ní 1942 ni ìjọba gbà láti fi owó ọ̀wọ́n ọjà kún owó-iṣẹ́, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Kólà. Ṣùgbọ́n ní 1943 wọ́n mú Imoudu, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Ọjà ń wọ́n sí i, Kólà kò yí padà.

Ní 1945 àwọn òṣìṣẹ́ bèèrè pé kí ìjọba fi ìdajì kún Kólà, kí ẹni tó kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lóòjọ́. Ìjọba ní kò sówó. Kí oṣù kẹfà tó parí, rélùwéè dúró, pósí ọ́fíìsì dúró. Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí ọ̀pọ̀ wọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Gómìnà Arthur Richards ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa nítorí pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n pe ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ní kí wọ́n fi ìdajì kún Kólà, bí òṣìṣẹ́ ṣe wí gẹ́lẹ́.

Ẹ wò ó o. Ohun tí òṣìṣẹ́ bèèrè ni wọ́n fún un nígbẹ̀yìn. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdúró yẹn ni òṣìṣẹ́ pàdánù, àti ebi tó jẹ ọmọ rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 18 oṣù kọkànlá 1949, ìdúró náà di ẹ̀jẹ̀ ní Iva Valley ní Enugu. Àwọn tó ń wa èédú ń bèèrè àjẹẹ́lẹ̀ owó wọn, ọlọ́pàá yìnbọn, ènìyàn 21 sì kú.

3. Ṣílè márùn-ún, Morgan àti Udoji

Ní 1954, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kéde ṣílè márùn-ún lóòjọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nítorí pé bí a bá bá òṣìṣẹ́ gbé owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, inú kóńgò rẹ̀ fẹ̀ sí i láìfi kọ́bọ̀ kún un.

Lẹ́yìn òmìnira, ọjà tún wọ́n. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ halẹ̀ ní 1963, ìjọba pe ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyinká Morgan. Ìgbìmọ̀ náà fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1964. Ìjọba gbà á, ó sì jókòó lé e. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, òṣìṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí ìjọba tiẹ̀ máa sọ̀rọ̀, iye tó kéré sí ti Morgan ló mú wá, àfi ìgbà tí wọ́n tún jókòó kí wọ́n tó fi díẹ̀ kún un.

Ti Udoji yàtọ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ní ìparí 1974 epo rọ̀bì ti sọ ìjọba di olówó. Ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dá àbá, Ọ̀gágun Gowon sì fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù gba N720 lọ́dún, kí wọ́n sì san àjẹẹ́lẹ̀ láti oṣù kẹrin 1974. Owó oṣù mẹ́sàn-án bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: rédíò, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, fíríìjì. Ṣùgbọ́n owó ló pọ̀, ọjà kò pọ̀. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì tò jọ sí èbúté Èkó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọn kò ríbi já ẹrù wọn. Iye ọjà fi bí ìdá mẹ́ta kan gòkè láàárín ọdún náà. Ẹni tó gba Udoji rí i pé owó náà ti ń yọ́. Alágbàṣe àti àgbẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ń ra ọjà ní iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ 1945 àti 1964 ni pé àfikún tó pẹ́ ń pa òṣìṣẹ́ lára. Ẹ̀kọ́ 1975 ni pé àfikún tó dé wìì láìsí ọjà tí yóò rà kì í pẹ́ di òfo. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó tọ́ ni kí owó máa tẹ̀lé ọjà díẹ̀díẹ̀, ní àkókò tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

4. 1981: òfin dé, ọjọ́ kò sí nínú rẹ̀

Ní 1978 ni wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ Nigeria Labour Congress. Ààrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Alhaji Hassan Sunmonu, ará Òṣogbo, Mùsùlùmí bíi tiwa. Ní oṣù karùn-ún 1981 ó ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì. N300 ni wọ́n bèèrè; N125 ni wọ́n parí rẹ̀ sí, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin lọ́dún náà. Náírà lágbára nígbà yẹn: N125 tó nǹkan bí 200 dọ́là.

Ohun méjì ni òfin náà fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kò dá ọjọ́ tí wọn yóò tún iye náà yẹ̀ wò. Ìkejì, kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 50. Ẹ fi ìkejì yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. N kò mọ òfin, ṣùgbọ́n mo mọ ìlà tí ìyá mi ń tò láàárọ̀ fún ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, ìjọba dín ọjà tó ń wọlé kù, ẹni tó bá sì ní ìwé àṣẹ ìkówọlé ló di ọ̀gá ọjà. Ní 1984, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba gba ìwé ìdádúró. Lẹ́yìn náà ni SAP dé ní 1986. Wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ ìkówọlé, wọ́n tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká, wọ́n sì jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà. Àgbẹ̀ onílẹ̀ kòkó rí owó gidi gbà. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù kò rí i bẹ́ẹ̀. N125 ṣì ni òfin ń sọ. Nígbà tí wọ́n máa sọ ọ́ di N250 ní 1991, kò tó 30 dọ́là mọ́. Ìlọ́po méjì ni lójú ìwé. Nínú kóńgò, ó ti dín.

5. Kíkọ́ni níṣẹ́ ọwọ́

Kì í ṣe owó nìkan ni ìjọba ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní 1971 wọ́n dá Industrial Training Fund sílẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa dá owó sí i fún kíkọ́ òṣìṣẹ́. Láti 1973 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti pólì ti ń lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ nípasẹ̀ ètò tí gbogbo yín mọ̀ sí SIWES. Ní 1986, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe di àrùn láàárín ọ̀dọ́, wọ́n dá National Directorate of Employment sílẹ̀.

Nínú ètò NDE, èyí tó wù mí jù ni èyí tí wọ́n fi ń mú ọ̀dọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Wọn kò dá ohun tuntun sílẹ̀. Ohun tí Yorùbá ti ń ṣe látayébáyé ni wọ́n bá nílẹ̀: ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá, ọdún àdéhùn, títí dé ọjọ́ tí ọmọ yóò gba frídọ́ọ̀mù. Ìjọba kàn fi owó ìrànwọ́ àti àbójútó kún un ni. Tírélà àti télọ̀, wẹ́dà àti mẹkáníìkì tó bá tún lọ ṣe ìdánwò tí ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe, tí a ń pè ní tréèdì tẹ́ẹ̀sì, ó ní ìwé tó lè fi wáṣẹ́ níbikíbi. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ pé ó wà.

Síbẹ̀, kóńgò wà níbí náà. Nígbà tí N-Power bẹ̀rẹ̀ ní 2016, N30,000 ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́jáde lóṣù. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní oṣù kẹwàá 2023, N30,000 náà ni. Ẹ bi ìyàwó yín léèrè bóyá gàárì dúró sójú kan láàárín ọdún méje yẹn.

6. Láti 2000 dé 2024

Ní 2000, owó tó kéré jù di N5,500 ní àwọn ìpínlẹ̀ àti N7,500 fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn N250. Ní 2011 ó di N18,000, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ní 2019 ó di N30,000, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ìpínlẹ̀ kan jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù púpọ̀, àwọn kan sì ń san ìdajì.

Ìjọba tún gbìyànjú láti fi òwò dáàbò bo iṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀, kí ìrẹsì òkèèrè má baà pa àgbẹ̀ wa lára. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Àgbẹ̀ ìrẹsì rí ọjà tà. Ẹni tó ń gba N30,000 rà á wọ́n. Méjèèjì ni òṣìṣẹ́, ohun tó ran ọ̀kan lọ́wọ́ ló ni èkejì lára. Ìdí nìyí tí a kò fi lè ya ọ̀rọ̀ òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ owó-iṣẹ́.

Ní oṣù karùn-ún 2023 owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, ní oṣù kẹfà wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àti ìjókòó púpọ̀, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí N70,000 ní 29 oṣù keje 2024. Iye náà kò tó 50 dọ́là lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí pé 1981 jẹ́ nǹkan bí 200.

Ṣùgbọ́n ohun rere kan wà nínú òfin tuntun náà. Òfin 2019 ní kí wọ́n máa yẹ iye náà wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ti 2024 sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta yẹn níye lórí ju N70,000 fúnra rẹ̀ lọ. Láti 1897 ni òṣìṣẹ́ ti ń fi ìyanṣẹ́lódì ra ohun tó yẹ kí kàlẹ́ńdà fún un.

7. Èyí tó kù sọ́wọ́ wa

Mo ní màá padà sórí ilé iṣẹ́ kéékèèké. Òfin 2019 sọ 50 di 25: ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25, òfin owó tó kéré jù kò kàn án. Ẹ wá wo àyíká wa. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ilé búrẹ́dì, ilé ìwé aládàáni, ilé ìtajà, ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé, mélòó nínú wọn ló tó ènìyàn 25? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo jáde yunifásítì, mo kọ́ ọmọ nílé ìwé aládàáni kan fún ọdún méjì. Owó tí wọ́n ń san kò tó owó ọkọ̀ mi, òfin kò sì sọ pé wọ́n jẹ̀bi.

Àmọ́ òfin nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti 1974 kò yọ àwọn kékeré sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní owó gidi ni kí wọ́n máa san, kì í ṣe ọjà. Ó ní owó-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù kan kí wọ́n tó san án. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta tí ènìyàn bá wọṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi àdéhùn sínú ìwé fún un.

Ẹ̀yin ará mi, ṣé àwa ń ṣe é? Àwọn ọ̀gá ilé kéwú tó ń kọ́ ọmọ wa ní Àlùkùráánì, ládàánì tó ń jí kí òwúrọ̀ tó là, ẹni tó ń gbá mọ́sálásí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, mélòó nínú wọn ló ní àdéhùn lórí ìwé? Mélòó ló mọ ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ owó rẹ̀ wò? A máa ń sọ pé iṣẹ́ ẹ̀sìn ni, Ọlọ́hun ló máa san án. Òótọ́ ni pé láádá wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n láádá kì í san owó ilé, ẹni tó bá sì fi láádá ẹlòmíràn bo gbèsè ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí kóńgò ló ń lù.

Àbá mi kò ju mẹ́ta lọ. Kí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àti ilé kéwú yan oṣù kan lọ́dún, bóyá Mùhárámù tó bẹ̀rẹ̀ ọdún wa, tí wọn yóò máa yẹ owó òṣìṣẹ́ wọn wò, láìdúró dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kùn. Ìkejì, lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má fi náírà wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n bèèrè iye kóńgò gàárì tí owó náà rà lọ́dún tó kọjá, àti iye tó ń rà báyìí. Tí kóńgò bá dín, owó ti dín, ohun yòówù kí nọ́ńbà máa wí. Ìkẹta, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ka àwọn òfin tí mo dárúkọ wọ̀nyí, kí ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín kí ẹ tó mú ọkọ́, kí ẹ sì rántí wọn lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá di ọ̀gá.

Ní ti ìjọba, ọdún mẹ́ta láti 2024, ọdún 2027 ni. Kí àwọn aṣíwájú wa tó ń bá wọn jókòó rán wọn létí kí ó tó pé, kí ó má tún di ohun tí òṣìṣẹ́ máa fi ebi ọmọ rẹ̀ rà.

Kí Ọlọ́hun fi arísìkí hàláálì bọ́ wa, kí Ó jẹ́ kí òṣùwọ̀n wa kún fún ẹni tí a gbà síṣẹ́, kí Ó má jẹ́ kí òógùn ẹnikẹ́ni pè wá lẹ́jọ́ lọ́jọ́ ìgbẹ̀yìn. Àmín.